Ọ̀rọ̀ Létí Ẹ̀gbà

Ẹ̀gbà ọwọ́ Akíndípẹ̀ ti gbóná kí Mosúnmọ́lá tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ rántí bí Bàbá wa ṣe máa ń di ikùn mú ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn..."

"Mosún." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ òsì sí i. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ náà, tó máa ń funfun bí eyín, ti ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé o rí i? Ó ti ń fetí sílẹ̀. Sọ nǹkan mìíràn."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o sọ nǹkan mìíràn. Báwo ni àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ?"

Ó dákẹ́. Kò pẹ́, ẹ̀gbà náà tutù, ó sì padà funfun.

Orí àpáta tó ga jù ní Ìdànrè ni wọ́n dúró sí, láàárín àwọn àwọ̀n ńláńlá tí ìlú fi ń gba omi lára kùrukùru. Láàárọ̀, bí kùrukùru bá ti gun òkè wá, á fara kọ́ àwọ̀n, á di ẹ̀kán omi, omi á sì máa ṣàn gba inú ọ̀pá lọ sílé onílé. Láti ìgbà tí ooru ti lé àwọn ènìyàn kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n padà sórí òkè tí àwọn baba ńlá wọn ti fi sílẹ̀, omi inú àwọ̀n yìí ni wọ́n ń mu. Akíndípẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Mosúnmọ́lá, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ orí okùn ló sì gbé e gòkè wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tó rí lójú ọ̀nà ló bà á lẹ́rù. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń gun àpáta bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, ó fara ti òkúta, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n rìn díẹ̀ sí i, ó tún dúró. Ọkùnrin tó máa ń gbé òun kọ́rùn sáré gun òkè yìí nígbà tí òun wà lọ́mọdé! Nígbà tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, Mosúnmọ́lá rí inú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó funfun bí ẹ̀kọ.

"Ẹ ti rù, Bọ̀dá."

"Iṣẹ́ ni. Ìjì ya àwọ̀n wa lóṣù tó kọjá, a ò sì rí ẹni tó tó láti rán an."

"Ṣé oúnjẹ ń lọ dáadáa?"

Ẹ̀gbà náà tún pọ́n. Akíndípẹ̀ mi orí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá mú ọ lórí òkè mi ni?"

Mosúnmọ́lá rò ó pé bóyá kí òun pa á lówe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ẹ̀gbà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ ọ ní òwe, wọ́n kọ́ ọ ní ẹnà, wọ́n kọ́ ọ ní orin ẹ̀dà tí àwọn orogún fi ń bú ara wọn. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní Ọ̀wọ̀ fi àlọ́ kìlọ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìjàpá inú àlọ́ náà kò tíì dé ilé àna rẹ̀ tí ẹ̀gbà fi ké.

Òun náà ti wọ ẹ̀gbà rí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Akíndípẹ̀ ló mú un lọ sí Ilé Ilẹ̀kùn Méjì, níbi tí gbogbo ọ̀dọ́ ti ń yàn bóyá àwọn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tàbí àwọn ò fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn Àìmọ̀ jáde, wọn á fi ẹ̀gbà sí i lọ́wọ́, kò sì sí dókítà, aya, ọmọ tàbí ìyekan tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àrùn ìdílé sí i létí, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá padà lọ bọ́ ọ. Mosúnmọ́lá tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn Àìmọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi wọ ẹ̀gbà náà, kò sì dí i lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó lọ bọ́ ọ.

Dókítà Ògúngbèmí, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ló ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un.

"Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára rẹ," dókítà náà wí, "ìwé ńlá kan wà tí sẹ́ẹ̀lì máa ń dà kọ nígbàkígbà tó bá fẹ́ di méjì. Ẹni tó bá ń da ìwé ńlá kọ, kò ní ṣàì ṣe àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí jíìnì kan fi wà tó ń ka ẹ̀yìn adàwékọ, tó ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Méjì lo ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tí bàbá rẹ fún ọ ti fọ́jú kí wọ́n tó bí ọ."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun náà bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí yóò ka ẹ̀yìn adàwékọ mọ́ níbẹ̀. Àṣìṣe á máa gun orí àṣìṣe títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ. Inú ìfun ńlá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù."

Ó wá fún un ní ẹ̀rọ kan gbé mì. Ẹ̀pà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀pà máa ń rin ìfun já láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ó bá sì rí kókó tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, á gé e, á fi iná jó ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n afọ́jú ni í ṣe bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi àṣìṣe inú ẹ̀jẹ̀ oníǹkan hàn án, bí ọdẹ ṣe ń fún ajá ní òórùn ẹran kó tó tú u sílẹ̀. Ó gé kókó méjì nínú Mosúnmọ́lá.

"Lọ́dọọdún ni wàá máa gbé e mì," Dókítà Ògúngbèmí wí. "Bí o kò bá jáfara, o lè gbó, kí o tọ́. Ṣé o ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò?"

"Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo."

"Ìdajì ni tirẹ̀. Ó lè ní in, ó sì lè má ní in rárá." Dókítà náà wo ojú rẹ̀. "Ṣé ó wọ ẹ̀gbà?"

"Ó wọ̀ ọ́."

Dókítà kò sọ ohunkóhun mọ́. Òfin kò jẹ́ kó sọ.

Kì í ṣe agídí lásán ló mú Akíndípẹ̀ wọ ẹ̀gbà. Láyé bàbá wọn, òdìkejì òfin yìí ló wà. Ìjọba ń ka ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn tipátipá, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ lè mọ ohun tó wà nínú ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ wá mú ọmọbìnrin wọn lọ, wọ́n ní àwọn ò bímọ fún òkú. Inú kì í run bàbá náà kó má ya òkú ara rẹ̀ sójú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń kú kó tó kú, Akíndípẹ̀ ló sì ń nu ara rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún Mosúnmọ́lá tí kò tíì mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn dìde, tí wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀rọ ìkàwé-ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi Òfin Ìdákẹ́jẹ́ rọ́pò, Akíndípẹ̀ wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ na ọwọ́ fún ẹ̀gbà.

Ohun tó wà lọ́kàn Mosúnmọ́lá nìyẹn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ orí okùn ti ń gbéra. Tèmídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń sìn ín lọ. Ọmọ náà ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja.

"Àǹtí," Tèmídùn wí, "Bàbá kì í jẹun alẹ́ mọ́."

"Wọ́n ní kí ló dé?"

"Wọ́n ní inú àwọn ń kún. Wọ́n á gbé abọ́ sí iwájú, wọ́n á máa wò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dákú síbi ọ̀pá omi. Wọ́n ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni." Ọmọ náà dúró. "Ṣé mo ti ṣẹ̀ sí òfin ni?"

"Rárá, o kò sọ ọ́ sí wọn létí. Èmi lo bá sọ̀rọ̀."

Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mosúnmọ́lá kò wọlé. Ó mọ ohun tí òfin wí nípa ẹni tó bá tú ìdákẹ́jẹ́ ẹlòmíràn: wọn á ti àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìmọ̀ tó fi ṣe ẹlòmíràn léṣe, òun náà kò ní rí i lò. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, Ẹ̀pà kò ní ríran nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kókó méjì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó tún mọ̀ pé ìdajì ni tí ẹ̀gbọ́n òun. Bóyá ọgbẹ́ inú lásán ló ń da ẹ̀gbọ́n òun láàmú. Bóyá òun máa gbé ẹ̀rù tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn sá fún wá bá wọn láìnídìí.

"Àǹtí, ọkọ̀ fẹ́ lọ."

"Jẹ́ kó máa lọ."

Akíndípẹ̀ ń lọ́ okùn àwọ̀n mọ́ igi nígbà tí Mosúnmọ́lá padà dé. Ó gbójú sókè, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe nǹkan ló gbàgbé.

"Mosún, má ṣe é."

Mosúnmọ́lá sọ ọ́ wéré, kí ẹ̀gbà má bàa ráyè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bọ̀dá, jẹjẹrẹ ìfun tó pa Bàbá wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó lè wà nínú tiyín, ó sì lè má sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń tán lára yín, mo fojú mi rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ó ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i báyìí, tí kò sí nígbà ayé Bàbá."

Ẹ̀gbà náà ti ń ké. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ẹkún ọmọ titun, àpáta sì ń gbé e kiri. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí àwọ̀n dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Akíndípẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún bo ẹ̀gbà náà mọ́lẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

"Èmi ni mo gbé Bàbá sin," ó wí. "Ìwọ ò rántí. Èmi rántí. Mo sì bẹ̀ ọ́."

"Ẹ bẹ̀ mí lóòótọ́, Bọ̀dá."

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè mi."

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ tí igbe ẹ̀gbà náà fà kì í ṣe ènìyàn líle. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó sì ní kí Mosúnmọ́lá jókòó.

"Ṣé o mọ̀ pé ìdajì ni?" ó bi í.

"Mo mọ̀, Mà."

"Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan lára lo ba ọkàn rẹ̀ jẹ́."

"Ó ṣeé ṣe, Mà."

"Láyé àtijọ́, wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọge tó rẹwà ni. Ọkùnrin mẹ́ta ló wá tọrọ rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àrùn náà kò sì ṣe é rí títí tó fi dàgbà kú. Òun nìkan ló gbélé kú." Adájọ́ náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò ní sọ pé ìwà ìkà lo hù. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí ìwọ tí o fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ láìjìyà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n tirẹ̀?"

Wọ́n ti àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Mosúnmọ́lá fún ọdún mẹ́ta. Akíndípẹ̀ kò yọjú sí ilé ẹjọ́.

Ọyẹ́ dé, ó lọ. Òjò dé. Mosúnmọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó ń jẹ ewébẹ̀, ó ń mu omi. Nígbà tó tó àsìkò tó yẹ kó gbé Ẹ̀pà ọdún kejì mì, kò sí Ẹ̀pà. Láti ìgbà náà, gbogbo inú rírun di ẹjọ́. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà tí inú rẹ̀ wú, kò ní sùn. Bí ó bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, á padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójijì ló yé e irú ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà sí, irú ẹ̀rù tó jókòó ti bàbá wọn nídìí oúnjẹ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sọ fún un pé ó ti yé òun. Kò lè pè é. Tèmídùn nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òun náà kì í sọ ju pé, "Àǹtí, a wà."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Akíndípẹ̀ ló dúró níta. Ó tún rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pọ́n, kò funfun bí ẹ̀kọ mọ́. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣófo.

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá."

"Dìde. Fún mi lómi."

Ó mu omi tán kó tó jókòó. "Inú rẹ ṣì ń bí mi," ó wí. "Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

"Lẹ́yìn tí o lọ, mo gbìyànjú láti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kì í padà sẹ́nu. Mo ń gun òkè, mo ń gbọ́ ohùn rẹ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ ni mo lọ bọ́ ẹ̀gbà." Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ojú abẹ hàn án, ó gùn lápá ọ̀tún ikùn rẹ̀. "Apá ọ̀tún ìfun ni jẹjẹrẹ náà wà. Ó ti tó ọsàn wẹ́wẹ́. Dókítà rẹ, Ògúngbèmí, ní kò tíì jáde nínú ìfun lọ síbòmíràn. Wọ́n gé e pẹ̀lú ìfun tó yí i ká. Ó ní bí ọdún kan bá tún kọjá lórí rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀."

Omi bọ́ lójú Mosúnmọ́lá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo ní inú rẹ ń bí mi."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú agolo kékeré kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹ̀pà kan wà nínú rẹ̀.

"Méjì ni wọ́n fún mi lọ́dún yìí, torí abẹ. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá kọ̀, kí n lo èkejì. Èkíní ò kọ̀." Ó fi ìka ti agolo náà sún mọ́ ọn. "Mo bi dókítà bóyá ojú rẹ̀ á là nínú ẹlòmíràn. Ó ní rárá, àfi ẹni tó bá ní àṣìṣe kan náà, ní ojú kan náà. Mo ní, bí ọmọ bàbá kan náà? Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ ọwọ́."

"Bọ̀dá, bí wọ́n bá mọ̀..."

"Bàbá ò fún wa ní ilẹ̀, kò fún wa nílé. Ohun tó fún wa, ọ̀kan náà ni. Gbé e mì."

Ó gbé e mì. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jókòó ti dígí kékeré tí àwòrán inú ìfun ń hàn lójú rẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Níbi ìṣẹ́po kan, Ẹ̀pà náà dúró. Kókó kan wà níbẹ̀, kékeré bí orí ìṣáná. Ó gé e, ó jó ojú rẹ̀, ó kọjá lọ.

"Ṣé ọkàn yín balẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀?" Mosúnmọ́lá bi í.

"Rárá. Àwọn tó sọ pé ọkàn máa ń balẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti ń lè sáré díẹ̀ lórí òkè."

Oṣù tó tẹ̀lé e ni Tèmídùn pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ sí Ilé Ilẹ̀kùn Méjì, ó wá jókòó sáàárín bàbá rẹ̀ àti àǹtí rẹ̀ nílé wọn ní Ìdànrè. Ó ti rí ojú abẹ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìdajì ni tòun náà.

"Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ilẹ̀kùn wo lẹ máa gbà?"

Ọkùnrin tó ti mọ èsì ìbéèrè yìí fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," Akíndípẹ̀ wí. "Ìgbà tí mi ò mọ̀, mo sùn dáadáa, ó sì kù díẹ̀ kí n má jí mọ́. Nísinsìnyí tí mo mọ̀, mi kì í sùn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tó wù kí o gbà, èmi àti àǹtí rẹ á wà níta títí o ó fi jáde."

Wọ́n sì wà níta. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí Tèmídùn jáde, ó ti fa apá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì dé ìka, ojú rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan. Mosúnmọ́lá rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fẹ́ wo ọwọ́ ọmọ náà, tó sì gbé ojú kúrò. Akíndípẹ̀ gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi kọ́ èjìká.

"Ebi ń pa mí," Tèmídùn wí.

"Jẹ́ ká lọ jẹun," bàbá rẹ̀ wí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ.